Bí Bàbá Ẹ-Dín-in-kù Ṣe Ná Kórópọ̀n Akọni

Ọjọ́ tí Bàbá Ẹ-Dín-in-kù ná kórópọ̀n Akọni, ajá rẹ̀, lọ́dọ̀ dókítà ẹran ni àdúgbò fi ń rántí rẹ̀ títí dòní.

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ga, tẹ abẹ́ Akọni wò lórí tábìlì. "Bàbá, kókó wà nínú kórópọ̀n ọ̀tún. A máa yọ ọ́, a ó sì yọ tòsì mọ́ ọn."

"Ìyẹn ti pọ̀ jù. Ẹ mú ọ̀kan."

"Méjèèjì ni, Bàbá. Tí a bá fi ìkejì sílẹ̀, kókó tún lè yọ níbẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ mú ọ̀kan àbọ̀."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó fi mọ́tò gbé wọn wá, yí ojú sí ògiri. Ó mọ̀ pé bàbá òun kò ṣàwàdà. Télọ̀ ni bàbá, kò sì sí iye tí wọ́n pè fún un rí tí kò ní kí wọ́n dín in kù. Nígbà tí dókítà eyín ní òun máa yọ eyín mẹ́ta, bàbá ná an sí méjì. Èyí tó ń dùn ún gan-an ló gbé padà wálé.

Nǹkan ti ń ṣe Akọni tipẹ́. Irun ìhà rẹ̀ ń re, ọmú rẹ̀ ń wú bíi ti ìyá ọmọ. Èyí tó wá burú jù ni pé gbogbo akọ ajá àdúgbò ń tò tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

"Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un ni," bàbá wí. "Àgbà ni."

"Bàbá, ọ̀wọ̀ wo ni wọ́n ń fi gun ẹ̀yìn àgbà?" ọmọ rẹ̀ béèrè.

"Ọ̀wọ̀ àwọn ọmọ ìsinsìnyí."

Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé. Kókó yẹn ló ń tú ohun tó yẹ kó wà lára abo sínú ẹ̀jẹ̀ Akọni, òun ló jẹ́ kí àwọn akọ máa wá a kiri. Bó bá pẹ́ jù, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ máa gbẹ, yóò sì kú.

Bàbá ṣí fìlà. Ó wá fọwọ́ bo etí ajá náà méjèèjì.

"Ẹ mú méjèèjì," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un."

Akọni kò kú. Bàbá rán ṣòkòtò fún un, kó má baà máa lá ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ó sì fi àpò méjì sí i. Ọmọ rẹ̀ béèrè ohun tí ajá fẹ́ kó sápò. Bàbá ní ọkùnrin kì í jáde láìní àpò.

Irun hù padà, ọmú lọ sílẹ̀, àwọn akọ ajá yòókù kò sì bojú wo Akọni mọ́. "Ẹ ò rí i?" bàbá wí. "Ayé ò bọ̀wọ̀ fún àgbà mọ́."

Láti ìgbà náà ló ti ń dá gbogbo ẹni tó bá ní akọ ajá dúró. "Ẹ kú àárọ̀ o. Kórópọ̀n yín ńkọ́?" Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí dárúkọ ajá. Káfíńtà ìsàlẹ̀ àdúgbò lé e kúrò lẹ́nu géètì.

Bàbá kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lórí àga ìránṣọ rẹ̀, tí Akọni sùn lé e lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, káfíńtà wá kí ọmọ rẹ̀. Ó fa ajá tirẹ̀ dání, wọ́n ti fá abẹ́ rẹ̀, ojú ọgbẹ́ ṣì pọ́n.

"Bàbá yín tún padà wá lẹ́yìn tí mo lé wọn," ó wí. "Wọ́n ní bí mi ò bá lè wo kórópọ̀n ajá mi, kí n di orí ajá mú káwọn bá mi wò ó. Kí wọ́n ṣáà lè lọ ni mo ṣe fọwọ́ kàn án."

"Ẹ bá nǹkan níbẹ̀?"

"Mo bá kókó. Kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Dókítà ní a tètè mú un wá."

"Méjèèjì ni wọ́n yọ?"

"Méjèèjì. Mo fẹ́ ná an, dókítà ní òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán lẹ́nu bàbá yín."

Ọmọ bàbá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di omi lójú rẹ̀. Káfíńtà fa àga, ó jókòó tì í. Nígbà tí ọmọ bàbá nu ojú tán, káfíńtà bi í bóyá Akọni ti jẹun.

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ, kò fẹnu kan nǹkan."

Káfíńtà bu oúnjẹ wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ fún ajá náà díẹ̀díẹ̀. Akọni gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ó wá jẹ ẹ́.