Àwòrán Ilé Tí Kò Ní Òrùlé

Ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlíṣàn bí irinṣẹ́ ṣe yẹ kó bá ara àti èrò ẹni tó ń lò ó mu, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn tí mo ti kọ́ rí ránṣẹ́ pè mí sí Ṣàgámù. Ilé ìtajà àga kan ní Ẹ̀pẹ́, àdúgbò kan nínú Ṣàgámù níbẹ̀, ló gbà á síṣẹ́. Ó ti ṣe ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, èyí tí oníbàárà lè fi wo bí àga tuntun yóò ṣe rí nínú pálọ̀ rẹ̀ kí ó tó rà á. N kò rí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò rẹ̀. Síbẹ̀, kò tíì sí oníbàárà kan tó fara balẹ̀ wò ó tán. Ọ̀gá ilé ìtajà náà sì ti kìlọ̀ pé bí ẹ̀rọ náà kò bá ta àga kan kí oṣù tó parí, òun yóò ta ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, òun yóò sì dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró.

Mo ní kó má ṣàlàyé ohunkóhun fún oníbàárà tó bá kàn; kí a jókòó, kí a máa wò. Èyí ṣòro fún un. Ẹni tó ṣe ètò máa ń fẹ́ gba ẹnu ètò náà sọ̀rọ̀, bí ìyá tó ń dáhùn ìkíni fún ọmọ tí ojú ń tì.

Àlájà kan tó ń ṣòwò obì ló wọlé. Ó fẹ́ pààrọ̀ àga pálọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà béèrè gígùn àti ìbú pálọ̀ náà, ó tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ, àwòrán sì jáde: pálọ̀ tí a ń wò láti òkè, ògiri mẹ́rin, ilẹ̀kùn kan, àga méje tó yí tábìlì ká.

Àlájà tẹ̀ síwájú. “Pálọ̀ ta nìyí?”

“Tiyín ni, Mà.”

“Tèmi? Òrùlé rẹ̀ dà?”

“A ṣí i kúrò kí ẹ lè rí inú rẹ̀ ni, Mà.”

“Ẹ ṣí i kúrò! Ìjì ṣí òrùlé ilé àbúrò mi, a ò tíì rí i bò tán. Ìwọ jókòó síbí, o ń ṣí tèmi. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bò ó, ọmọ mi. Bò ó kíá!”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín láti ìdí tábìlì rẹ̀. “Àlájà, àwòrán lásán ni.”

“Ẹ ya tiyín bẹ́ẹ̀, kí ẹ gbé e kọ́ sára ògiri ká máa wò ó.”

Kò ra nǹkan kan.

Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀rù ìjì nìkan. Kò sí ẹni tó tíì wo pálọ̀ ara rẹ̀ láti òkè rí. Láti ẹnu ọ̀nà ni onílé ti mọ ilé rẹ̀: ibẹ̀ ni àlejò ti ń bọ́ bàtà, ibẹ̀ ló ti ń kí ará ilé. Mo ní kí àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

“Àga iwájú yóò bo ti ẹ̀yìn, sà.”

“Ṣé kì í bò ó nílé ni?”

Ó tún ètò náà ṣe láti ìpìlẹ̀. Ó lọ sí àwọn ilé kan ní Ẹ̀pẹ́, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà wọn, ó wo ohun tí ojú kọ́kọ́ ń bà lé. Lẹ́yìn náà ó lọ bẹ Àlájà pé kó padà wá.

“Ẹ̀n-ẹ́n,” ni Àlájà wí, “ó ti ní àjà.” Ó tẹ bọ́tìnnì tí a fi hàn án, àwòrán sì mú un wọlé. Ó ní kí a gbé àga tó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn kúrò: “Ṣé ìpàkọ́ ni àlejò mi yóò máa kí?” Ó ní kí a sún tábìlì. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù.

“Wọ́n pọ̀ jù. Ibo ni n ó ti máa kírun? Méjì péré ni n ó mú. Àwọn àga tó wà nílé, n ó pààrọ̀ aṣọ ara wọn.”

Ó san owó àga méjì, ó lọ.

Ọ̀gá kò pariwo. “Ta ló ra ẹ̀rọ yìí, èmi ni àbí àwọn oníbàárà? Àga méje ló bá wá, méjì ló rà.” Ó yíjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. “Dín ìwọ̀n àga kù nínú àwòrán yẹn. Díẹ̀ báyìí. Ta ló máa wọ̀n ọ́n?”

“Bí wọ́n bá gbé e délé tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé ńkọ́, sà?”

“Ó ti di tiwọn nígbà yẹn.”

“Mi ò lè ṣe é, sà.”

Ọ̀gá wò mí bí ẹni tó ń wá ẹlẹ́rìí. Mo ní bí àga inú àwòrán bá ti kéré sí ti ilé ìtajà, ètò náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà máa kó ẹrù rẹ̀.

Ó da ètò náà kọ sórí díìsìkì, ó sì pa ẹ̀rọ. Mo fi ọkọ̀ mi gbé e lọ sí Ògèrè, níbi tó gba yàrá sí. A jáde sí ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà náà ló bi mí bóyá oníbàárà á fẹ́ kí ètò náà lè fi aṣọ tuntun hàn lára àga àtijọ́.

Mo ní kì í ṣe èmi ló yẹ kó bi. Ó ní kí n jọ̀wọ́ yí ọkọ̀ padà. Òun mọ ilé Àlájà.