Rọ́bà Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Àlàájì Rahmon

Lọ́jọ́ tí àwọn àna kọ́kọ́ wá kí Àlàájì Rahmon nílé rẹ̀ ní Fondren Southwest ní Houston, inú ọkọ̀ ló ti gbà wọ́n lálejò. Kì í kúkú ṣe pé ó wù ú bẹ́ẹ̀. Góòmù ló ti ilẹ̀kùn Chevrolet ọdún 1956 mọ́ ọn.

Làdíátù ìyàwó rẹ̀ mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ti gbó, bí òjò bá ti rọ̀, omi á máa jò sẹ́sẹ̀ ẹni. Àlàájì sì ti búra níwájú gbogbo ará mọ́sáláṣí pé ọkọ̀ yẹn lòun máa fi gbé Bùkọ́lá, ọmọ òun kan ṣoṣo, lọ síbi yìgì rẹ̀, ẹ̀kán omi kan ò sì ní kàn án. Ó ha rọ́bà àtijọ́ dànù, ó fi góòmù kun irin, ó fi kun rọ́bà tuntun, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé kí góòmù gbẹ kéèyàn tó ti ilẹ̀kùn. Àlàájì ní ta ló ń kàwé nítorí rọ́bà. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó fa gbogbo ilẹ̀kùn dé kí rọ́bà lè mọ ipò rẹ̀. Rọ́bà sì mọ ipò rẹ̀.

Gíláàsì kan ló ṣí, kò ju ìka mẹ́rin lọ. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i wálẹ̀ wà nínú abọ́ lórí tábìlì ilé ìdáná, Àlàájì fúnra rẹ̀ ló tú u síbẹ̀. Ibi tó ti ń làágùn ni mọ́tò àwọn àna ti yà wọlé.

"Làdíátù, má sọ fún wọn o."

"Kí wá ni kí n sọ, Bàbá Bùkọ́lá?"

"Sọ pé bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún, baba ọkọ ìyàwó, ló ṣáájú. Ẹnjiníà ni ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo, ó sì ti wa mọ́tò láti ìlú Katy wá pẹ̀lú àgbádá rẹpẹtẹ. Làdíátù kúnlẹ̀ kí i, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Bàbá ìyàwó wà nínú ọkọ̀. Àṣà ilé wọn ni, sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń bá ẹni tó fẹ́ mú ọmọ wọn lọ sọ̀rọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ọkọ̀."

Lékè, ọkọ ìyàwó, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó fẹ́ràn Bùkọ́lá, ó parí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkọ̀ lórí kọnkéré tó gbóná janjan, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mẹ́ta sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Evelyn, òyìnbó tó ń gbé òdìkejì títì, dá ẹ̀rọ tó fi ń gé koríko dúró. Lọ́jọ́ kejì ló rọra bi Làdíátù bóyá ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ń sìn.

Ohùn kan jáde láti ojú gíláàsì. "Ṣé ìwọ ọmọ yìí máa ń rọra ti ilẹ̀kùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Dìde. Ọlọ́run á gbè ọ́."

Làdíátù ń ki pọfupọ́ọ̀fù sí i láti ojú gíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ó ti ń ki ìkẹrin ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó wo etí ilẹ̀kùn fínnífínní. Ó rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́.

"Àna mi, ṣé kí n bá yín wá ọ̀bẹ?"

Àlàájì gbé ẹnu sún mọ́ ojú gíláàsì. "Ẹ mú èyí tó tínrín."

Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ẹnjiníà ló kọ́ ọ pé kó máa fi àtíkè pa rọ́bà kó má baà lẹ̀ mọ́ irin. Láti ọjọ́ náà ni àtíkè Làdíátù ò ti pẹ́ nílé mọ́. Tó bá bèèrè, Àlàájì á ní, "Ọkọ̀ náà ń ṣe oge." Ó tún máa ń ní kí Làdíátù jókòó sínú ọkọ̀ kí òun fi rọ́bà omi wọ́n omi sí ọkọ̀ náà wò. Gèlè mẹ́ta ló bá ìdánwò yẹn lọ, ìkẹrin ló gbẹ.

Lọ́jọ́ yìgì, òjò Houston rọ̀ débi pé omi bo táyà. Bùkọ́lá sọ̀ kalẹ̀ nínú Chevrolet, lẹ́ẹ̀sì funfun ara rẹ̀ gbẹ táútáú. Àlàájì dúró sínú òjò, ó rin gbingbin, ó ń bi gbogbo ẹni tó ń kọjá pé, "Ẹ fọwọ́ kan lẹ́ẹ̀sì yẹn. Ṣé ó tutù?"

Lọ́dún karùn-ún lẹ́yìn yìgì náà ni Àlàájì kú. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín pẹ̀lú. Lékè ló fẹ́ fi Chevrolet gbé Làdíátù kúrò ní ibojì, ṣùgbọ́n kò tíì ṣílẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ sínú omi níwájú ọkọ̀, tòun ti aṣọ funfun rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ wọlé. A máa rọra ti ilẹ̀kùn."

Làdíátù bú sẹ́rìn-ín, àfi bíi pé ọkùnrin yẹn ṣì wà nínú ibẹ̀ tó ń làágùn. Ó jókòó, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé. Ariwo òjò lọ sílẹ̀. Òórùn àtíkè rẹ̀ ló gba gbogbo inú ọkọ̀ náà. Ìgbà náà ni àárò ọkọ rẹ̀ wá sọ ọ́ gidi, ó sì sunkún tẹ́rùn. Kò sí omi mìíràn nínú ọkọ̀ náà ju ti ojú rẹ̀ lọ.