Bàbá Dàpọ̀, Bí Wọ́n Bá Pè Yín ní Ìdí-Obì

Ó dìgbà o, ọkọ mi! Ó dìgbà, Ṣẹ́gun Ṣówándé, wolé-wolé tí kì í gba rìbá, ọkùnrin tó ń yọjú wo ìkòkò omi onílé kó tó kí onílé! Ilé wa ní Àkàkà dákẹ́ bí oko tí wọ́n ti kórè tán. Mo bu oúnjẹ yín lánàá kí n tó rántí.

Ìgbà tí ẹ fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé, ara yín ò gba ìjókòó. Dàpọ̀ àkọ́bí wa ló fi ìwé ìmọ̀ ńlá orí íńtánẹ́ẹ̀tì hàn yín lórí fóònù, èyí tí gbogbo ayé jọ ń kọ lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ohun tí ẹlòmíràn kọ ṣe. Mo rò pé eré ni. Àṣé òfin ló kún ibẹ̀, òfin sì ni oúnjẹ yín! Ẹ kọ́ ọ bí ọmọ iléèwé. Ohun tí kò bá ní ẹ̀rí, wọ́n á yọ ọ́. A kì í yin ará ilé ẹni níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, ká kọ́kọ́ kà á sí olóòótọ́. Ẹni tó bá sì dá sí àríyànjiyàn gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ kádìí ọ̀rọ̀ tó sọ.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Bí mo bá ní Dàpọ̀ ti rù, pé bóyá kì í jẹun ní Ìkòròdú tó ń gbé, ẹ ó ní, "Ìyá Dàpọ̀, ẹ̀rí dà?" Bí mo bá ní kò sí ọmọ tó dà bí ọmọ mi ní gbogbo Rẹ́mọ, ẹ ó bú sẹ́rìn-ín: "Wọn á yọ ọ́ o! Ọmọ ẹ ni." Àdúrà alẹ́ pàápàá, lẹ́yìn àmín, ẹ ó fi kún un pé, "Èmi Ṣẹ́gun Ṣówándé ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Èmi a sì ní Ọlọ́run mọ ohùn yín, kò dúró de ìbuwọ́lù.

Lónìí, ẹ jẹ́ kí n rú òfin, kí n yin ará ilé mi. Ẹ kò purọ́ fún mi rí. Òru tí ọmọ wa kan bá wà lójú títì, tí mo bá ń rìn kiri pálọ̀, ẹ̀ ń bú mi pé ẹni tó ti hu irùngbọ̀n kì í sọnù, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà kì í sùn.

Abúlé ìyá yín, Ìdí-Obì, lẹ fẹ́ kọ sínú ìwé náà. Ẹ̀yìn Àkàkà níbí ló wà, igbó ti gbà á, kò ku ẹnì kan níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́, wọ́n sì fi àkíyèsí lé e lórí pé kò ní ẹ̀rí, àwọn máa pa á rẹ́. Ó dùn yín dọ́kàn. Ẹ ní, "Àwọn ará ibẹ̀ ti kú lẹ́ẹ̀kan, wọn ò ní kú lẹ́ẹ̀kejì."

Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń wọ Ìdí-Obì. Ẹni tó fẹ́ ṣa obì níbẹ̀ á dúró ní àbáwọlé, á ní, "Ẹ kú ilé o," á sinmi díẹ̀, á wá kọjá. Kò gbọdọ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá yín ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n òfin ìwé ní kí ẹ mú ẹ̀rí wá, òfin ìwé lẹ bá lọ.

Mo tẹ̀lé yín lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo dúró lábẹ́ igi obì. Ẹ tan fóònù kó máa gba ohùn yín sílẹ̀ fún ẹ̀rí, ẹ ń lọ láti ahoro dé ahoro, ẹ ń dárúkọ onílé: "Ilé Odùbánjọ nìyí. Ilé Ìyá Alákàrà nìyí." Ẹyẹ kan ò ké. Ohùn yín nìkan ni mo gbọ́. Nígbà tí ẹ parí, ẹ kádìí rẹ̀ bí ìṣe yín: "Èmi Ṣẹ́gun Ṣówándé ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

A délé, a jókòó ní pálọ̀, ẹ tẹ fóònù kí a gbọ́ ọ. Ẹ dárúkọ Odùbánjọ, ẹnì kan ní, "Oò." Ẹ dárúkọ Ìyá Alákàrà, obìnrin kan jẹ́, pẹ̀lú ohùn Rẹ́mọ àtijọ́ tí àwọn ọmọ wa ò gbọ́ mọ́. Gbogbo wọn ló jẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dáhùn látinú yàrá. Ó kan orúkọ tiyín. Ohùn kan wá ní, "Oò, mò ń bọ̀."

Ohùn yín ni.

Mo ní, "Bàbá Dàpọ̀, ẹ pa á rẹ́." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dénú. "Ẹ̀rí dà, Ìyá Dàpọ̀? Igbó ló ń dá ohùn padà." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ kò fi orúkọ kádìí àdúrà mọ́. Òjò ọdún yìí ò tíì dá tí ẹ fi sùn lọ́sàn-án lórí àga yín, tí ẹ kò jí. Dókítà ní ọkàn ni. Mo gbà. Òun ní ẹ̀rí.

Ní báyìí, Dàpọ̀ ní lẹ́yìn ìsìnkú yín, òun máa lọ parí iṣẹ́ bàbá òun ní Ìdí-Obì. Mo sunkún, ó ní, "Màmi, orúkọ lásán ni mo fẹ́ pè." Ó ní tiyín lòun máa kọ́kọ́ pè, òun á wá fi tòun kádìí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin ló jọ: bí a bá ní kó má ṣe, ó di dandan.

Àwọn ọmọ ní kí n kọ ìwà rere yín nìkan sínú ìwé ìsìnkú yìí. Ẹ má bínú, ọkọ mi, ẹ̀bẹ̀ ni mo ní. Èmi ò lè dá a dúró. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀ ní àbáwọlé, ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ yín ni: ẹ má jẹ́. Bó bá pe Odùbánjọ, ẹ fọwọ́ bo Odùbánjọ lẹ́nu. Nígbà tó bá wá dárúkọ ara rẹ̀, ẹ dúró tì í gbágbágbá, kí ẹnikẹ́ni má fi ohùn ọmọ mi dáhùn. Ẹ jẹ́ kó bínú wálé pé òun ò gbọ́ nǹkan kan. Màá ti se oúnjẹ dè é.

N kò ní fi orúkọ mi kádìí èyí. Ẹ mọ ohùn mi.

Ẹ sùn re o, olówó orí mi. Ẹ sùn wọra.