Ẹ̀sùn Tí Wọ́n Fi Kan Wẹ́dà

Ká má parọ́, àbúrò wẹ́dà náà gan-an ló kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn án.

Obìnrin ni, Ìyá Rédà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọjọ́. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń jókòó ti ẹ̀rọ rédà tí wọ́n kọjú ẹ̀ sókè, tó ń rán ìgbì rédíò lọ, tó sì ń fi èyí tó bá padà wọn bí atẹ́gùn òkè ṣe ń rìn. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ìlà tó ń fi atẹ́gùn hàn lójú kọ̀ǹpútà ṣàdédé wú, ó wálẹ̀, ó tún wú, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, wẹ́dà yẹn, ń jó irin ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, ó rò pé iná ẹ̀ ló ń da ìgbì rédíò rú, ló bá kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Ẹ̀rọ wẹ́dà." Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ìlà bá ti wú, wọ́n á dì í ru wẹ́dà, wọ́n á kọ ọjọ́ àti wákàtí ẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á sì pa á rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá tuntun dé, ó ka ìwé, ó kọ lẹ́tà: kí wẹ́dà kó ẹrù ẹ̀ kúrò kóṣù tó parí.

"Kí ni iná mi fi ojú ọ̀run ṣe?" ni ọkùnrin náà bi àbúrò ẹ̀. Ojú tì í, ó yára padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan ṣáà ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, orí àga tiẹ̀ gan-an ní ọ́fíìsì lẹ̀gbọ́n ẹ̀ sùn sí fọnfọn, síbẹ̀ ìlà wú. Ta ló wá jó irin? Ó rántí pé ọkọ òun, tó ń wa tírélà lọ sẹ́yìn òkè, pè lọ́jọ́ náà pé ìjì dá òun dúró. Ló bá gbé fóònù àti ìwé síwájú, ó ń fi ọjọ́ wé ọjọ́. Lọ́dún yẹn nìkan, ọkọ ẹ̀ ráhùn òjò lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ìlà wú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, wákàtí méjì lẹ́yìn ìráhùn kọ̀ọ̀kan. Yéè!

"Ìjì ló ń ti afẹ́fẹ́ sókè, sà," ló sọ fún Ọ̀gá. "Ìwúwo ẹ̀ á fà á wálẹ̀, á kọjá ààyè ẹ̀, á tún gòkè, bí omi inú bàsíà téèyàn fẹsẹ̀ kọ. Ó ń rìn bẹ́ẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ wa."

"Àbí ẹ̀gbọ́n yín lẹ fẹ́ gbà sílẹ̀?"

"Ẹ pè é wá jókòó síbí, sà. Ká jọ máa wo ìlà náà."

Lọ́jọ́ tí ọkọ ẹ̀ tún pè pé òjò ti há òun mọ́nà, wẹ́dà jókòó sí ọ́fíìsì, ọwọ́ lórí orúnkún. Wákàtí kan kọjá, ìlà gún régé. Wákàtí kan àbọ̀, Ọ̀gá ń wo aago.

"Ẹ jẹ́ n kúkú lọ jó irin díẹ̀, kó lè yá," ni wẹ́dà wí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ìlà náà wú. Ó wálẹ̀. Ó tún wú.

Ọ̀gá dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó ṣe, ó ya lẹ́tà náà. "Mélòó la ti wá pa rẹ́?" Inú Ìyá Rédà bà jẹ́ gan-an, ó ṣí ìwé fún un. Wẹ́dà yọjú sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì dá ọwọ́ ìkọ̀wé àbúrò ẹ̀ mọ̀.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, Bùọ̀dá. Ẹ má bínú."

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nawọ́. Ó gba báírò lọ́wọ́ ẹ̀, ó fàlà sórí "Ẹ̀rọ wẹ́dà", ó kọ "Òjò" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó wá ti ìwé náà sí i níwájú.

"Ó ku ti ọdún mẹ́jọ," ló wí. "Jókòó."