Ọjọ́ Tí Mo Di Mínísítà Ètò Ìlera ní Plumstead

Èmi tí mo parí sí ìwé mẹ́wàá ní Èkó, mo ti jẹ mínísítà rí. Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní Plumstead nílùú London, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́, ó sì dùn mọ́ mi.

Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù fún mi nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń lọ láràárọ̀ Ọjọ́rú: ti ọ̀rọ̀ sísọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti ní àwọn máa gbà mí, àfi kí n mú ìwé ẹ̀rí ìdánwò yẹn wá kí wọ́n tó pa fóòmù dé. Bí mo bá fìdí rẹmi, ó di ọdún mìíràn nìyẹn, èmi á ṣì máa nu àtẹ̀gùn ilé onílé ní Thamesmead.

Tíṣà ní eré la máa fi ṣe ìdánwò náà. Kíláàsì á di ilé aṣòfin, ẹgbẹ́ òṣèlú á jẹ́ mẹ́ta, kò ní sí èyí tó tó dá ìjọba ṣe, ká wá kó ìjọba àjọṣe jọ. Mọ́kànlá ni wá. Mummy kan, àgbà obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń tọ́jú àwọn arúgbó, tó sì máa ń wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ni olórí ẹgbẹ́ tó tóbi jù, àwọn márùn-ún. Daddy ará Nepal kan, sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí àwọn mẹ́rin. Èmi àti ọmọbìnrin Somalia tó máa ń jókòó tì mí ni ẹgbẹ́ kẹta. Ìbò mẹ́fà ló sì ń gbé ìjọba dúró.

Tíṣà ti kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sójú pátákó: ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun tí ìjọba yín máa ṣe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá pín ipò, ẹ padà lọ bi ọmọ ẹgbẹ́ yín bóyá wọ́n gbà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dúró níwájú ilé fún ìbò. Ó to káàdì mẹ́fà sórí tábìlì: olórí ìjọba, owó ìlú, ìlera, ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ̀lú.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò la fi dánra wò. Kí Tíṣà tó jókòó, Mummy ti yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ẹ̀yìn mi lo wà, àbí?"

"Ẹ̀yìn yín ni mo wà, ma."

Ó tán. Mummy kó káàdì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ẹni ń ká aṣọ lórí okùn nígbà tójò ṣú, ó pín in fún àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì fi méjì sọ́wọ́ ara rẹ̀. Tíṣà bi wá pé kí ni ẹgbẹ́ tiwa rí gbà.

"Ẹ̀rín la rí gbà," ọmọ Somalia dá a lóhùn.

Nígbà tí kíláàsì tú, Tíṣà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní olùdánwò kì í fún ẹni tó kàn ń mi orí ní máàkì. Kí n béèrè nǹkan, kí n sì takò èèyàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ta ni mo fẹ́ takò? Mummy yìí ló pọn ọmọ mi lọ́jọ́ tí mi ò rí ẹni bá mi mú un, ó ń rìn sókè sódò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ títí ọmọ fi sùn. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá nawọ́ sí nǹkan, "ẹ gbà, ma" lọmọdé ń wí.

Mo sọ fún ọkọ mi nígbà tó dé láti ibi tó ti ń wa bọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀.

"Ìwọ? Ìwọ tó bá mi jà lánàá nítorí ìrẹsì tó jóná, tó jẹ́ pé ìwọ fúnra rẹ lo sè é?"

Ó fa ìborùn mi, ó wé e sórí, ó gbóhùn sókè. "Ọmọ mi, ṣé o ò ní jẹ́ kí màmá rẹ jẹ mínísítà ni?"

Àfi bíi Mummy gan-an. Kí n tó mọ̀, mo ti ní, "Ẹ jẹ ẹ́, ma." Ọmọ wa ń yí gbirigbiri lórí kápẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀rín. Ìgbà mẹ́fà la ṣe é, ìgbà mẹ́fà ló borí mi.

Lọ́jọ́ ìdánwò, olùdánwò jókòó sí kọ̀rọ̀, ó gbé ìwé lé itan. Gẹ̀ẹ́sì nìkan la gbọ́dọ̀ sọ. Daddy Nepal ló kọ́kọ́ yọ́ wá bá wa. Bí a bá bá òun lọ, mẹ́rin àti méjì di mẹ́fà, òun á jẹ olórí, òun á sì fún mi ní ìlera. Ọmọ Somalia fẹsẹ̀ ta mí lábẹ́ tábìlì pé kí n gbà á. Ṣùgbọ́n mo wo ìwé ètò Daddy: kò sí ọ̀rọ̀ ọmọ kankan níbẹ̀, ọkọ̀ ológun ló kún un. Ti Mummy ló jọ tiwa: owó oṣù àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àti ibi tí ìyá tó ń lọ kíláàsì máa gbé ọmọ sí. Mo bẹ Daddy pé kó fún mi láyè díẹ̀.

Mummy ò fún mi láyè ní tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí káàdì ìlera. Ó ní ó pẹ́ tóun ti ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ta ló mọ ìlera ju òun lọ? Òótọ́ ni. Mo dìde, mo yí tábìlì ká, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kedere pé mi ò gbà.

Olùdánwò fò dìde, ó rò pé mo ṣubú ni. Tíṣà ní kó fara balẹ̀.

Ẹnu mi ń jiyàn, orúnkún mi ń bẹ̀bẹ̀. "Mummy, ìwé wa jọra, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ bá yín lọ. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ olórí ìjọba. Ẹ jẹ́ kí n mú ìlera. Láìsí àwa méjì, márùn-ún lẹ ní."

Mummy fi ìka ka àwọn èèyàn rẹ̀.

"Bí mo bá fún ẹ, báwo ni màá ṣe mọ ohun tí o ń ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ fi ẹnì kan yín ṣe igbákejì mi, kó máa wò mí. Èmi náà á fi ọmọ ẹgbẹ́ mi ṣe igbákejì níbi ilé gbígbé."

"Ìyẹn ni pé nínú ìjọba yìí, ṣe la ó máa ṣọ́ ara wa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mummy ti káàdì náà sí mi, ó sì fi Yorùbá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Dìde jàre, mínísítà, ilẹ̀ tutù."

Mo padà lọ bi ẹgbẹ́ mi, ìyẹn ọmọ Somalia nìkan. Igbákejì kẹ̀? Ó ní ẹ̀kọ́ lòun fẹ́. Mo tún padà sọ́dọ̀ Mummy. Ẹni tó bá ti takò àgbà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì kì í le. Mummy ní a ti fẹ́ jẹ òun tán, ó sì yọ káàdì ẹ̀kọ́ fún wa.

Ìbò méje sí mẹ́rin. Ojú ẹsẹ̀ ni Daddy Nepal dìde, tó bi mí pé níbo la ti máa rí owó ibi ìtọ́jú ọmọ. Mo ṣì ń dá a lóhùn nígbà tí wọ́n ní àkókò ti tó.

Tíṣà bá olùdánwò sọ̀rọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó padà wọlé, ó ní mo yege. Mo pariwo, mo dì mọ́ ọmọ Somalia. Mummy náà yege. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó mọ bí a ṣe ń fetí sí èèyàn. Ó ní kí n ka ibẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

A jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead. Ojú fèrèsé ló kọjú sí títí a fi kọjá ibùdókọ̀ mẹ́ta. Mo ti ń rò ó pé ó ń bínú.

"Tún un sọ," ó ní.

"Kí ni, ma?"

"Ohun tí o kúnlẹ̀ sọ fún mi. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ fẹ́ kí n máa wá ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Mi ò tíì lè sọ ọ́ fún un."

"Ẹ̀yin, Mummy? Ẹ̀yin tẹ́nu yín mú tó báyìí?"

"Ṣé ọmọ kíláàsì lọ̀gá ni? Tún un sọ, o ò gbọ́ ni?"

Mo sọ ọ́: *I do not agree*. Ó tẹ̀ lé mi. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ga sí i, títí ọ̀gbẹ́ni tó wà níwájú wa fi yíjú padà.

"Kì í ṣe ìwọ là ń bá wí, sir," Mummy sọ fún un, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.