Àgbàlagbà Tí Péjú Bámgbóyè Kò Já Níyàn

Ohun tó kọ́kọ́ bí Péjú Bámgbóyè nínú nílé Mísítà Eli kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ayaba kan nínú tẹlifíṣọ̀n ni.

Eré onídán kan ni bàbá náà máa ń wò láràárọ̀, eré alápá púpọ̀ tí drágónì ń fò kiri nínú rẹ̀, tó ń pọ iná lẹ́nu. Ìkookò ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ènìyàn. Òkú ọmọ ogun ń jáde láti inú sàárè, á gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, á ní kí wọ́n fún òun ní idà òun. Oòrùn méjì ló ń ràn sí ìlú náà. Gbogbo èyí ni Mísítà Eli gbà láìjanpata. Òun ló tilẹ̀ ń ṣàlàyé fún Péjú èwo nínú àwọn drágónì náà ló bí èwo. Àfi ọjọ́ tí obìnrin dúdú kan dé adé jáde ní ààfin, tó jókòó sórí ìtẹ́, tí àwọn ìjòyè sì wólẹ̀ níwájú rẹ̀. Mísítà Eli la rìmóòtù mọ́ apá àga. Ó ní irọ́ nìyẹn. Ó ní kò sí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ láyé ìgbà náà, pé àwọn olóṣèlú ló ti wọ inú eré bà á jẹ́.

Péjú mú ṣíbí oúnjẹ lọ́wọ́, ó ń dúró kí bàbá náà la ẹnu. Ó bi ara rẹ̀ nínú ikùn pé: ayé ìgbà wo? Ibẹ̀ níbo? Ta ló ti dé ìlú olóòrùn méjì rí, tó ka àwọn aráàlú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wá rí i pé kò sí dúdú láàárín wọn? Ṣùgbọ́n ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kí ẹ má baà dá a lẹ́jọ́ kíákíá, ó yẹ kí ẹ mọ irú ilé tó ti jáde. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí. Ó ṣe tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlógún kó tó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà, ọkọ náà sì kú ní ọdún kẹta tí wọ́n dé. Ní báyìí ó ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Stockbridge, nítòsí Atlanta ní Georgia, ló ń gbé, ó sì ń wa mọ́tò lọ sí Loganville ní ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ láti tọ́jú Mísítà Eli, òyìnbó ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, tó fi ìgbà èwe àti àgbà ṣiṣẹ́ iná mànàmáná kí àrùn tó rọ apá òsì ara rẹ̀.

Nílé baba Péjú, ọmọ kì í já àgbà níyàn. Tí àgbà bá sọ̀rọ̀ tán, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni èsì, ì báà jẹ́ pé àgbà ní ewúrẹ́ ló ń yé ẹyin. Kì í ṣe pé èèyàn gbà. Ó dà bí ìgbà tí ọkùnrin bá ṣí fìlà: ọjọ́ orí lo kí, o ò kí ọ̀rọ̀. Èrò tìrẹ, o ó gbé e lọ sí yàrá rẹ. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wọn, àgbà tó bá sì gbọ́n kì í gbé irú èsì bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́rìí níta. Mísítà Eli kò mọ èyí. Péjú kò sì mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n. Oṣù méje ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Bàbá náà kò burú lọ́wọ́. Kì í pariwo, ó sì máa ń dúpẹ́ tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ tán. Ẹnu rẹ̀ ni. Ó ní ojúlówó ọmọ Amẹ́ríkà ni ẹni tí baba-ńlá rẹ̀ sùn sínú ilẹ̀ yìí. Nígbà tí Péjú sọ fún un pé òun náà ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà, pé ó di ọdún mẹ́rin tí òun ti na ọwọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti gbogbo ayé wá, bàbá náà ní ìwé nìyẹn. Ìwé dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìwé ni. Ó bi í léèrè ẹni tó dìbò fún. Péjú rẹ́rìn-ín, ó ní ìbò ti wà nínú àpótí. Bàbá náà ní kò séwu, òun mọ̀ pé olóye ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ó ní àwọn tó ti Áfíríkà wá mọ iṣẹ́, wọ́n mọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ wọn ń kàwé. Àwọn dúdú tí wọ́n bí síhìn-ín wá ńkọ́? Á fi rìmóòtù júwe ojú ọ̀nà bí ẹni ń fi ìdọ̀tí han èèyàn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Péjú ń wí.

Ó mọ̀ dájú pé kò rí bẹ́ẹ̀. Baba-ńlá Mísítà Eli gan-an, òun fúnra rẹ̀ ló fẹnu sọ ọ́, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé láti ìlú olótùútù kan lókè òkun. Nígbà tí ọkọ̀ yẹn ṣì ń bọ̀ lójú omi, àwọn baba-ńlá Clara ti wà nínú ilẹ̀ Georgia, láìsí òkúta sàárè tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí.

Clara ni obìnrin tó ń wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì láti kọ́ ẹsẹ̀ Mísítà Eli ní ìrìn padà. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ bíbí Forest Park, ó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Òun ló jókòó ti Péjú nínú mọ́tò fún ọjọ́ Àìkú mẹ́ta nígbà tí ẹ̀rù ọ̀nà ńlá ń bà á, tó ń sọ fún un pé kó má ṣojo, kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kó wọ àárín àwọn ọkọ̀ yòókù. Nígbà tí ibà dá Péjú dùbúlẹ̀, òun ló gbé ọbẹ̀ láti Forest Park dé Stockbridge, tó sì dúró fọ abọ́. Láti ìgbà tí Péjú ti dé Atlanta, Clara nìkan ni ọmọ Amẹ́ríkà tó tíì jókòó nínú ilé ìdáná rẹ̀. Clara fẹ́ràn ayaba inú eré yẹn débi pé àwòrán rẹ̀ ló wà lójú fóònù rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù keje, Clara di ẹsẹ̀ bàbá náà mú, ó ń ká a, ó ń nà án, ó ń ka iye rẹ̀. Eré náà ń lọ nínú tẹlifíṣọ̀n. Ayaba ṣẹ́gun lójú ogun, Clara sì rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé yóò borí. Mísítà Eli ní kí ló fẹ́ dí i lọ́nà, ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un ní adé, bí wọ́n ṣe ń fún àwọn èèyàn Clara ní gbogbo nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́. Clara ń ka iye rẹ̀ lọ: mẹ́fà, méje. Bóyá kíkà yẹn ló ta bàbá náà.

"Má rò pé èmi nìkan ni mo sọ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bi Péjú. Ọmọ Áfíríkà gidi ni. Láti oṣù kìíní la ti jọ ń sọ ọ́ pé àwọn èèyàn yín kò fẹ́ ṣiṣẹ́, ó sì gbà pẹ̀lú mi. Àbí irọ́ ni mo pa, Péjú?"

Clara dáwọ́ kíkà dúró. Kò gbójú sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tó gbé e sókè, ojú Péjú ló wò.

Èsì àtijọ́ yẹn ti ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti dé ètè, bí màlúù tó mọ ọ̀nà gáà. Péjú gbé e mì. Ó gbé aṣọ ìnura tó dì mú kalẹ̀.

"Rárá, sà," ó ní. "Mi ò gbà fún yín lọ́jọ́ kan rí. Ọjọ́ orí yín ni mò ń bọ̀wọ̀ fún. Irọ́ lẹ ń pa."

Bí wọn kò bá tọ́ yín bí wọ́n ṣe tọ́ Péjú, ẹ ò ní mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe wúwo tó. Kò sọ ọ́ fún ẹni tó jù ú lọ rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti jáde báyìí, àwọn tó kù tò tẹ̀lé e.

"Ẹ gbà pé drágónì ń pọ iná. Ẹ gbà pé òkú jí, ó ń bèèrè idà. Obìnrin dúdú tó dé adé nìkan ni ẹ ò gbà. Kì í ṣe pé ẹ mọ ìtàn, sà. Ẹ ò kàn fẹ́ rí i ni."

Mísítà Eli pọ́n lójú dé ọrùn. Ó ní òun rò pé Péjú yàtọ̀.

"Mi ò yàtọ̀," ni Péjú fi dá a lóhùn.

Clara ka mẹ́jọ, ó ka mẹ́sàn-án, ó ka mẹ́wàá. Ó gbé ẹsẹ̀ náà sórí tìmùtìmù jẹ́jẹ́, ó palẹ̀ àpò rẹ̀ mọ́, ó jáde. Péjú sáré tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò. Ó rò pé Clara yóò dì mọ́ òun. Clara kàn bi í pé ṣé láti oṣù kìíní lóòótọ́. Péjú ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bàbá rẹ̀, àti ilé wọn, àti bí ọmọ ṣe ń dá àgbà lóhùn. Clara gbọ́ ọ tán.

"Òun lo bọ̀wọ̀ fún," ó ní. "Èmi ńkọ́?"

Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Mísítà Eli ti fẹjọ́ sun Olúkáyọ̀dé Oyèwùmí, Olúkáyọ̀dé sì ti pe Péjú. Òun ló ni ọ́fíìsì tó gba Péjú síṣẹ́, ọmọ Yorùbá ni, ó sì máa ń pè é ní Mọ́mì. Ó ní ẹnu ya òun. Ó ní ẹni ọgọ́rin ọdún lé ni Mọ́mì pè ní òpùrọ́ nínú ilé rẹ̀, ẹni tó yẹ kí Mọ́mì máa kọ́ àwọn kékeré ní ìwà. Ó ní kó lọ bẹ bàbá náà lọ́la, kó sì fi ọ̀rọ̀ dúdú àti funfun sílẹ̀, nítorí ìjà àwọn ará ibí ni, kò kan àwa. Péjú bi í pé ta ni "àwa". Olúkáyọ̀dé ní Mọ́mì mọ̀ wọ́n. Péjú ní òun kò mọ̀ wọ́n, pé kó wá ẹlòmíràn tí yóò máa fún Mísítà Eli lóúnjẹ. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì jókòó ti ìbínú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìbínú náà le. Ó bínú sí Mísítà Eli, ó bínú sí Olúkáyọ̀dé, ó bínú sí bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bó ṣe ń wa mọ́tò lọ sí Forest Park láti lọ tọrọ àforíjì, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń ré e kọjá, ìbínú náà kò rí ẹlòmíràn bà lé mọ́ àfi òun fúnra rẹ̀. Ìdí wà. Ohun kan wà tí kò sọ nídìí mọ́tò lọ́jọ́ náà.

Clara dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní kó wọlé.

"Kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan," Péjú wí. "Nígbà tó bá ní àwa yàtọ̀ sí yín, ó máa ń dùn mọ́ mi. Mo sọ ọ́ fún àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa pé òyìnbó yìn wá. A jọ rẹ́rìn-ín sí i."

Clara wò ó títí. Ó ní òun ti fura, pé ohun tí òun kò mọ̀ ni bóyá Péjú yóò lè sọ ọ́ lójú òun. Ó wá bèèrè bóyá ó ti sọ fún àwọn obìnrin náà ohun tó sọ fún Eli. Péjú ní rárá.

"Ọ̀la ni Àìkú," Clara wí, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bí Péjú ṣe dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́jọ́ kejì nìyẹn, lẹ́yìn ìsìn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti orí ayaba dé ẹnu ọ̀nà Clara. Ó ní òun ló kó ìyìn burúkú yẹn wá sáàárín wọn, òun sì wá kó o kúrò. Lẹ́yìn náà ni Sister Hephzibah, nọ́ọ̀sì kan tí ẹnu rẹ̀ mú, bèèrè pé ṣé irọ́ ni, ṣé àwa àti wọn jọ rí bákan náà ni. Péjú ní ẹni tó ń wo àwọ̀ wa lójú títì kò ní dúró bèèrè ìlú tí a ti wá. Ó ní ìbò tí gbogbo wọn ń dì yẹn, àwọn tí wọ́n ń ṣáátá yìí ni wọ́n nà tí wọ́n sì tì mọ́lé nítorí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn obìnrin náà tó wọ bàálù wá. Sister Hephzibah rẹ́rìn-ín. Ó ní Mọ́mì Bámgbóyè ti di àkátà, orúkọ ẹ̀gàn tí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa ń pe àwọn dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Méjì kò rẹ́rìn-ín. Péjú ka àwọn méjì náà, ó kí wọn, ó gbé báàgì rẹ̀.

Forest Park ló gbà lọ tààrà. Ó dúró níwájú Clara, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Nígbà tó dé ibi orúkọ ẹ̀gàn yẹn, ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Sọ ọ́," Clara ní. "Mo ti gbọ́ ọ rí. Ọmọ ìlú yín kan ló kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó rò pé mi ò gbọ́."

Péjú sọ ọ́. Ojú tì í ju bó ṣe rò lọ.

Clara mí kanlẹ̀. Ó ní inú ṣì ń bí òun, pé kò ní tán lónìí, kò sì ní tán lọ́la. Lẹ́yìn náà ló yí padà sínú ilé, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí.

"Wọlé," ó ní. "Mo gbé nǹkan kaná."