Nígbà Tí Wọ́n Tẹ Òṣùpá Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹdẹ, ojú ìyá bàbá mi ni gbogbo agboolé wa fi ń wá oṣù. Bí ààwẹ̀ bá ti ń parí lọ, Ìyá Àgbà á jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí oòrùn bá ti wọ̀, wọ́n á sì ti rí oṣù tíntín náà kí àwa tójú wa ṣì mọ́ kedere tó rí nǹkan kan.

Lọ́dún kan ni rédíò kéde pé àwọn òyìnbó ti gúnlẹ̀ sórí òṣùpá, wọ́n sì ti rìn lórí rẹ̀. Àwa ọmọdé ń fò sókè, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà fajú ro. Wọ́n ní irọ́ ni. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Lójú tiwọn, òṣùpá tí bàtà tẹ̀ dà bí ẹní ìkírun tí bàtà tẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ òótọ́, wọ́n ní àwọn ò ní wá oṣù mọ́ láéláé.

Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà sáyẹ́ǹsì, mú ìwé ìròyìn wálé. Ìyá Àgbà wo fọ́tò náà títí, wọ́n wá nàka sí ojú ọ̀run tó dúdú nínú rẹ̀.

"Ìràwọ̀ dà? Ojú ọ̀run wo ni ò ní ìràwọ̀?"

Bàbá ò jiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó tan àtùpà gáàsì, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ wòkè, Ìyá. Ìràwọ̀ mélòó lẹ rí?"

"Kí ni mo fẹ́ rí, nígbà tí iná ń mú mi lójú?"

"Bó ṣe rí fún kámẹ́rà wọn nìyẹn. Oòrùn ń ràn gidigidi lórí ilẹ̀ ibẹ̀." Ó pa àtùpà náà. Nígbà tó yá, ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yọ.

Ìyá Àgbà ò pè é ní irọ́ mọ́, àmọ́ omi lé ròrò sójú wọn. Àánú wọn ṣe mí. Bàbá wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Erùpẹ̀ gbígbẹ ló wà níbẹ̀, Ìyá. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé níbi tí omi ò bá sí, erùpẹ̀ tó mọ́ la fi ń ṣe àlùwàlá?"

"Erùpẹ̀ ni?"

"Erùpẹ̀ ni, Ìyá."

Wọ́n gbójú sókè wo ọ̀run. "Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tó lọ síbẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé wọ́n padà délé?"

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún náà ń parí, Ìyá Àgbà jáde sẹ́nu ọ̀nà, àwọn náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí oṣù.

Ayé ti yí padà. Fóònù ló ń sọ fún wa báyìí pé oṣù ti lé. Níparí ààwẹ̀ tó kọjá, a ń dúró de ìkéde nígbà tí ọmọ-ọmọ mi tó wà ní Pólì gbé fíìmù ìrìn orí òṣùpá kan wá lórí fóònù rẹ̀.

"Bàbá, wọ́n tàn yín jẹ ni o. Afẹ́fẹ́ ò sí níbẹ̀, àsíá wọn sì ń mì!"

Mo ní ọ̀pá wà lókè àsíá náà tó nà án, ọwọ́ tó rì í mọ́lẹ̀ ló mì í, kò sì sí afẹ́fẹ́ tó máa tètè dá a dúró. Mo ní kó wo erùpẹ̀ tí táyà ọkọ̀ tí àwọn tó lọ lẹ́yìn wọn wà níbẹ̀ ń ta sókè. Bí ọ̀kadà bá gba ọ̀nà Alájùẹ́ kọjá lọ́yẹ́, eruku á máa fò kiri lójú ọ̀nà bí èéfín. Tiwọn kàn já bọ́ lójú ẹsẹ̀ ni, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tó lè gbé e dúró.

"Ìràwọ̀ wá ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Mo pa iná sólà ẹnu ọ̀nà, mo ní kó pa fóònù náà. A jókòó sínú òkùnkùn. Ojú mi ò ríran mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, mo kàn ń wòkè ṣáá ni. Ọmọ náà ló di ọwọ́ mi mú, ó fi tọ́ka.

"Bàbá, oṣù rèé."